Aago Tí Kì Í Sọ Aago

(Mushin, Èkó. Ilé fésìmí-áfésìyú. Yàrá mẹ́jọ, balùwẹ̀ kan, ẹ ti mọ irú ilé náà. Aago tuntun wà lára ògiri kọ́rídọ̀.)

ÌYÁ ÌBEJÌ: Lọ́yà, kí ni aago wí?

LỌ́YÀ: Mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ohun tó wí lánàá nìyẹn. Ohun tó wí nígbà tí mo ń lọ sọ́jà láàárọ̀ náà nìyẹn.

BÀBÁ RÍSÍ: Bátìrì ẹ̀ ló kú.

LỌ́YÀ: Bátìrì kú, iná pupa wá ń ṣẹ́jú nínú nọ́ńbà mẹ́fà?

BÀBÁ RÍSÍ: Iná ọ̀ṣọ́ ni.

LỌ́YÀ: Bàbá Rísí, ọdún mélòó lẹ ti ń gbé ilé yìí?

BÀBÁ RÍSÍ: Mẹ́sàn-án.

LỌ́YÀ: Kí ni Lánlọ́ọ̀dù ti rà sínú ilé yìí rí?

BÀBÁ RÍSÍ: (Ó ronú. Ó ronú títí.) Ó ra àgádágodo.

LỌ́YÀ: Ti kí ni?

BÀBÁ RÍSÍ: Èyí tó fi ti yàrá Sùúrù pa nígbà tí kò rówó ilé san.

LỌ́YÀ: Ẹni tí kò ra gílóòbù kan fún ọdún mẹ́sàn-án, òun ló ṣàdédé ra aago fún yín?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ọ̀fẹ́ kọ́ o! 2,000 náírà ló gbà lọ́wọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan. Ó ní owó aago ni.

(Lọ́yà fa àpótí, ó gùn ún. Kò tíì nawọ́ tán tí fóònù Ìyá Ìbejì fi dún. Ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo ilé lè gbọ́.)

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ìyá Ìbejì! Sọ fún ọmọ yẹn kó sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí!

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ kú ọ̀sán, sà. Àpótí wo?

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Àpótí... èyíkéyìí. Mo ní kẹ́nikẹ́ni má gun àpótí. Ìmọ̀ràn bàbá sọ́mọ ni.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ṣebí Ìkòròdú lẹ wà?

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ẹ̀mí ló bá mi sọ ọ́.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ̀mí. Ó dáa, sà.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ẹ̀mí náà tún ní kí o dín omi kù. Garawa mẹ́ta láàárọ̀ yìí nìkan! Màlúù lo fẹ́ wẹ̀ fún ni?

(Lọ́yà gba fóònù. Ọdún kẹta rèé tí Lọ́yà ti wà ní ọdún kejì níbi tó ti ń kọ́ ìmọ̀ òfin. Ẹ má bi í léèrè.)

LỌ́YÀ: Bàbá, ẹ kú ọ̀sán. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 37, ní kí wọ́n má tojú bọ àṣírí ọmọ Nàìjíríà kankan. Àṣírí ara rẹ̀, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀, àtohun tó bá sọ lórí fóònù.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: O gbọ́ra ẹ? "Ilé rẹ̀"! Ta ló nilé?

LỌ́YÀ: Ẹ̀yin lẹ nilé, àwa la sanwó rẹ̀. Òfin ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011, abala 6, ní kí ẹ fi ayálégbé lọ́rùn sílẹ̀, kó ní àṣírí tiẹ̀.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Mo mọ òfin yẹn. Kò kan gbogbo Èkó!

LỌ́YÀ: Òótọ́ ni. Kò kan Ikoyi, kò kan Victoria Island, kò kan Apapa, kò kan GRA Ikeja. Mushin lẹ wá kọ́lé sí.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Háà! Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìṣẹ́ máa gbè wá rèé!

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Kọ́rídọ̀ kì í ṣe yàrá ẹnì kankan. Nítorí olè ni.

LỌ́YÀ: Tó bá jẹ́ olè, ẹ gbé e sẹ́nu géètì, kí ẹ kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé kámẹ́rà wà níbí. Òfin tó ń dáàbò bo dátà, ìyẹn ìsọfúnni nípa èèyàn, ti 2023, èyí tí Tinubu fọwọ́ sí, ní kí ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ ń ya fídíò rẹ̀ mọ̀ pé ẹ ń ya òun, kí ẹ sì sọ ìdí. Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ni aago yín kọjú sí. Ṣé olè máa ń wẹ̀ kó tó jalè ni?

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Kámẹ́rà wo? Ta ló dárúkọ kámẹ́rà? Aago ni!

BÀBÁ RÍSÍ: Kí ni aago wí báyìí, Bàbá?

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ìwọ, lọ wá ẹ̀wù gidi wọ̀ ná! Ihò mẹ́rin lára sìńgílẹ́ẹ̀tì kan!

(Bàbá Rísí ka ihò náà. Mẹ́rin ni lóòótọ́. Ó fọwọ́ bo méjì.)

LỌ́YÀ: Àwọn Airbnb gan-an, tó ń bá onílé wá àlejò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n ti ní àwọn ò fẹ́ kámẹ́rà kankan nínú ilé mọ́, ìbáà jẹ́ èyí tó hàn síta.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Àlejò ọjọ́ méjì nìyẹn, ó ti sanwó kó tó dé! Ìwọ ńkọ́? Oṣù mẹ́ta lo jẹ mí!

(Nẹ́tíwọ̀kì ṣàdédé bàjẹ́. Ti Lọ́yà ni.)

LỌ́YÀ: Ẹ bá mi wá sukurudiráfà. Mo ń yọ ọ́.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Dúró.

LỌ́YÀ: Ìyá Ìbejì, ẹ̀tọ́ yín ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí!

ÌYÁ ÌBEJÌ: Mo ní kí o dúró. Oṣù mélòó la ti ń pe ọkùnrin yìí lórí sókáwè?

BÀBÁ RÍSÍ: Mẹ́jọ. Kì í gbé e.

(Ìyá Ìbejì tún gèlè ṣe. Ó dúró síwájú aago, ó kúnlẹ̀.)

ÌYÁ ÌBEJÌ: Aago, ẹ kú ọ̀sán, sà. Sókáwè ti kún, sà. Ó ti ń yọjú wò wá, sà.

(Kò pé wákàtí kan tí ọkọ̀ tó ń kó sókáwè fi dé. Gbogbo ilé pariwo. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìlà ti tò síwájú aago títí dé géètì. Ìyá Ìbejì ló ń tò wọ́n.)

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ tò! Ọ̀rọ̀ kan lẹ́nì kan! Bàbá Rísí, ẹ lọ wọ ẹ̀wù, iwájú àgbà nibí.

BÀBÁ RÍSÍ: (Ó gbé abọ́ omi sókè.) Aago, ẹ wo òjò àná, sà. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló ti rọ̀.

(Fóònù dún.)

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ẹ fẹ́ sọ mí di aláìlówó! Mi ò gbọ́ nǹkan kan o! Mi ò rí abọ́ kankan! Káfíńtà ń bọ̀ lọ́la, àmọ́ kì í ṣe pé mo gbọ́!

ÌYÁ ÌBEJÌ: A mọ̀, sà. Ẹ̀mí ni.

LỌ́YÀ: Ẹ̀yin èèyàn mi, abala 37...

ÌYÁ ÌBEJÌ: Abala 37 á dúró kí wọ́n kan páànù tán. Gun àpótí ẹ, yí ojú aago kúrò ní balùwẹ̀, jẹ́ kó kọjú sí òrùlé.

(Lọ́yà yí i. Fóònù dún lójú ẹsẹ̀.)

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ta ló yí i? Mi ò rí balùwẹ̀ mọ́! Ìyẹn ni pé... mi ò sọ pé mo ń rí i tẹ́lẹ̀ o!

(Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Lóru, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, Lọ́yà yọ́ jáde pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Ó rọra yí ojú aago sí ara rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.)

LỌ́YÀ: Bàbá, ẹ kú alẹ́, sà. Nípa oṣù mẹ́ta yẹn...

(Iná pupa kú.)