Ta ló ni fìríìjì ilé?

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti kó ẹlẹ́rìndòdò àti bisikíìtì kúrò nínú fìríìjì wa. Omi ni mo kó síbẹ̀. Mo tún ń bó ọsàn sínú abọ́ kan lórí tábìlì, níbi tí àwọn ọmọ á ti rí i bí wọ́n bá ṣe ń ti ilé ìwé wọlé. Ohun tí ojú ọmọ bá kọ́kọ́ rí ni ọwọ́ rẹ̀ ń nà sí. Àwọn ìbejì ń jẹ ọsàn méjì méjì lójúmọ́ báyìí, mi ò sì pariwo lé wọn lórí. Àmọ́ bàbá wọn ní mò ń fìyà jẹ àwọn ọmọ òun. Ẹ bá mi dá sí i, ṣé mo ṣe àṣejù ni?

Bàbá Ṣadé, Sábó: Ẹ má bínú, màmá, ẹ̀yìn ọkọ yín ni mo wà. Ọkùnrin tó jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ kó tó rí bọ́ọ̀sì wọ̀ dé Máìlì 12, tó jẹ́ aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń jẹ́ kó délé, ṣé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan tútù tó dùn ni? Owó rẹ̀ ló fi rà á. Eré ìdárayá tí wọ́n tún máa ń ní ká ṣe náà, ta ló ráàyè rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Èbúté: Bàbá Ṣadé, ẹ kú ìrìn, ẹ kú làálàá. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn. Onítọ̀hún á máa lọ, á máa bọ̀, ọjọ́ tí apá kan bá kọ̀ tí kò gbé sókè mọ́ ni ilé tó máa ń mọ̀.

Ṣúgà ni gbogbo yín ń wò, èmi ń wo iyọ̀ tó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan tí kò ga lórí. Ti inú búrẹ́dì, ìndómì àti máàgí wà nínú ìṣirò yẹn o. Lọ́jọ́ kan mo jókòó ti ọmọ mi obìnrin nídìí ìkòkò. Máàgí mẹ́ta ló fọ́ sí i, ó bu iyọ̀ lé e, ó tọ́ ọ wò, ó tún bu iyọ̀ sí i. Èèyàn mẹ́rin péré ló fẹ́ jẹ ọbẹ̀ yẹn! Nígbà tí a tún máa sè é, a yọ máàgí méjì, a fi irú, edé lílọ̀ àti ewé ẹfinrin dípò rẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan. Ẹ gbé iyọ̀ kúrò lórí tábìlì ìjẹun pẹ̀lú. Tí kò bá sí nítòsí, ẹni díẹ̀ ló máa dìde lọ wá a.

Ọmọ Ìta Ẹlẹ́wà: Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹni tó ní fìríìjì lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Yàrá kan ni èmi àtìyàwó mi ń gbé, ìdílé mẹ́jọ ló ń lo kíṣìnì kan. Onílé ti fi símẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo àgbàlá, ó ní ọmọdé kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Títì ńkọ́? Ọ̀kadà kì í dúró de ọmọ. Níbo ni kí ọmọ mi ti ṣeré?

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó: Àbúrò, mo gbọ́ yín, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn tèmi ti ń fo okùn. Okùn lásán ni, mo kàn ta kókó sí i lórí méjèèjì kó má baà yọ lọ́wọ́ wọn. Tẹ́ńtẹ́ń kò tiẹ̀ gbà ju ibi tí ẹsẹ̀ méjì lè dúró sí. Ní ti ẹ̀fọ́, inú àpò ìrẹsì tó ti ya ni mo gbin tẹ̀tẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ tí mo fi ń já a. Àwọn ọmọ ló ń bomi rin ín. Kẹ́hìndé tí kì í fẹnu kan ẹ̀fọ́ tẹ́lẹ̀ ń béèrè bóyá tòun ni mo sè.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Èbúté: Ẹ ṣeun, ìyá Ìbejì. Ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 fi máa ta pọ́ún pọ́ún. Kò pọn dandan kó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti àgbà jẹ́ ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Bàbá Ṣadé, tí ẹ bá pín in sí ọjọ́ méje, kò pé ìṣẹ́jú 25 lóòjọ́.

Bàbá Ṣadé, Sábó: Mo ti gbọ́, màmá nọ́ọ̀sì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú bàbá mi lọ, n kò kàn fẹ́ràn kí n máa sọ ọ́ ni. Láti ibùdókọ̀ dé ilé mi tó bí ìrìn ìṣẹ́jú 15. Ọ̀kadà ni mo máa ń gùn. Màá máa fẹsẹ̀ rìn ín láàárọ̀, àmọ́ n kò lè ṣèlérí ti alẹ́ nítorí òkùnkùn.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí n kò ní kúrò. Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ bá ọkọ yín sọ ọ́ kí ẹ tó kó fìríìjì? Ká ti ibi iṣẹ́ dé ká bá ilé ní ìyípadà tí wọn ò fi lọni, ó máa ń dun ọkùnrin ju ebi lọ.

Ọmọ Ìta Ẹlẹ́wà: Òótọ́ ni bàbá sọ níbẹ̀ yẹn.

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó: Rárá, n kò sọ fún un. Ó wà níbi iṣẹ́ nígbà tí mo kó o. Ẹ jàre mi níbẹ̀, bàbá. Tó bá jẹun tán lálẹ́ òní, màá jókòó tì í. Àmọ́ n kò ní kó bisikíìtì padà o. Màmá nọ́ọ̀sì, irú yẹn, báwo ni kí ó ṣe pọ̀ tó fún ìkòkò èèyàn márùn-ún?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Èbúté: Ṣíbí ìjẹun méjì tó. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, nítorí àwọn kan ti ń fi iyọ̀ sí i lọ́jà. Ẹ fi omi ṣan án, kí ẹ sì dà á sínú epo kí ata tó wọlé.