Ẹ Tò Síbí fún Àṣírí

Láyé ijọ́un, ẹni tó bá dé Yúróòpù á wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, á ya fọ́tò, á gbọ̀nà ilé. Ìyẹn ti di ti ará oko. Ẹni tó lajú lónìí, kọ̀rọ̀ ló ń wá: òpópó tí onílùú gan-an ò mọ̀, àwòrán tó sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri. Tóo bá ní o dé Paris, wọ́n á ní ṣé o dé òpópó Rue Crémieux. Tóo bá ní rárá, o ò tíì kúrò nílé nìyẹn.

Àbúrò ìyàwó mi ló mú mi wọ awo yìí ní Róòmù. Ó ní, "Bọ̀dá, mo fẹ́ fi nǹkan kan hàn yín tẹ́nì kankan ò mọ̀." A gun òkè Aventine, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fi ibi tí wọ́n ri owó mọ́ hàn mí. Nígbà tá a fi máa dé gbàgede tí Piranesi, ayàwòrán ilé ará Ítálì, ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ní 1765, èèyàn mọ́kànlélógójì ti tò síwájú wa. Mo kà wọ́n.

Kí ni wọ́n ń tò fún? Ihò kọ́kọ́rọ́. Ihò ara ilẹ̀kùn àwọn Jagunjagun Málítà, ẹgbẹ́ Kátólíìkì kan, ni. Tóo bá fi ojú kan lé e, wàá rí ọ̀nà gbọọrọ láàárín ewéko tí wọ́n gé dọ́gba, àti òrùlé rìbìtì Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ tó jókòó gẹ́lẹ́ sí ìparí rẹ̀. Ó rẹwà, n ò ní purọ́. Àmọ́ nílé wa, ọmọ tó bá fojú ti ihò kọ́kọ́rọ́, ìyá rẹ̀ ò ní bi í pé kí ló rí kó tó fọ́ ọ létí. Àgbàlagbà wá bẹ̀rẹ̀ níbí, ìdí sókè, fóònù lọ́wọ́, irin ilẹ̀kùn ń dán fún ọ̀rá imú gbogbo ayé.

Bẹ́ẹ̀, òrùlé ọ̀hún ga tó mítà 136! Ìṣísẹ̀ díẹ̀ síbẹ̀, nínú Ọgbà Ọsàn, wàá dúró wò ó lódindi, tojú méjèèjì. Mo fi í han àbúrò mi. Ó ní, "Bọ̀dá, ìyẹn gbogbo èèyàn ló ń rí i."

Ní Bologna, ìlú mìíràn ní Ítálì, fèrèsé kékeré kan ni, ní òpópó Via Piella. Odò tó gba àárín ilé kọjá ni wọ́n ń yọjú wò. Wọ́n ti tò síbẹ̀ náà. Ti Rue Crémieux yẹn ló pọ̀ jù: ilé aláwọ̀ mèremère ni, onílé ń jẹun, ẹni tó ń jó fún fóònù wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ní 2019, àwọn ará àdúgbò ké sí ìjọba ìlú pé kí wọ́n bá àwọn fi géètì sí i nírọ̀lẹ́ àti lópin ọ̀sẹ̀. Kọ̀rọ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ fún géètì!

Fọ́tò tí àbúrò mi yà dúdú bí ìdí ìkòkò, ìmọ́lẹ̀ bíńtín kan ṣoṣo ló wà láàárín. Ó gbé e sórí Facebook: "Àṣírí Róòmù. Ẹ má sọ fẹ́nì kankan o." Kílẹ̀ tó ṣú, ẹni méjìlá ti béèrè ọ̀nà. Ó fi máàpù ránṣẹ́ sí gbogbo wọn.