Ẹṣin tó dúró jẹ́ẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì: ìdákẹ́ rẹ̀ kọ́ ni ìtura rẹ̀

Ní Sátidé tó kọjá, alága ìdúró kan tún gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó gbé ìyàwó wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹṣin náà dorí kodò, kò mira. Alága fa makirofóònù súnmọ́ ẹnu: “Ẹ wo bó ṣe dúró jẹ́ẹ́! Inú tiẹ̀ náà ń dùn. Ẹṣin kì í tan ara rẹ̀ o. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á kọ̀ ni, kò ní í gbẹ́sẹ̀ mọ́.” Èrò pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ni ẹṣin náà pàtẹ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin ṣòwò ìgbéyàwó fi ń ta ọjà wọn, òun náà ni àwọn òbí ìyàwó fi ń tu ara wọn nínú, kò sì sí òótọ́ nínú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹṣin kì í kọ̀ nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Á máa fà á lọ títí ara á fi dá a dúró. Bó bá wá dé ibi tó ti kọ̀ lóòótọ́, ó ti tó wákàtí kan tó yẹ kí ẹ ti tú u sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìdákẹ́ yẹn. Ẹran tí kìnnìún àti ìkookò ń pa jẹ ni ẹṣin. Nínú agbo, èyí tó bá ń tiro ni apanijẹ ń yàn, nítorí náà bíbo ìrora mọ́ra wà lára ẹṣin láti ọjọ́ tó ti dáyé. Orí èyí ni ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ tún lé tirẹ̀ lé: lára ẹ̀kọ́ tí ẹṣin kẹ̀kẹ́ ń kọ́ ni pé kó dúró lójú kan títí ẹni tó mú ìjánu yóò fi ní kó máa lọ. Awọ tí wọ́n dè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ kò jẹ́ kó rí ẹ̀gbẹ́, kò jẹ́ kó rí ẹ̀yìn. Irin ìjánu wà lórí ahọ́n rẹ̀. Kí lẹ wá fẹ́ kó ṣe ju kó dúró lọ?

Àmì tó ń sọ òótọ́ wà, ṣùgbọ́n ó kéré, ó sì yẹ kéèyàn mọ ibi tó máa wò. Bí ẹṣin bá sinmi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan, tó fi ṣóńṣó pátákò kan ilẹ̀, kò burú, bó ṣe ń sinmi nìyẹn. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú ló nà síta tí kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ń dùn ún. Ihò imú tó fẹ̀ tó sì le, etí tó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò yí síbi tí ariwo ti ń wá, ojú tó dúró láìṣẹ́: ìrora tàbí àárẹ̀ ni. Ẹni tó jókòó sábẹ́ kánópì kò lè rí ìkankan nínú wọn.

Ooru ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ó lè pa ẹṣin nínú iṣẹ́ yìí. Ẹṣin pẹ̀lú èèyàn wà lára àwọn ẹ̀dá díẹ̀ tó jẹ́ pé òógùn ni wọ́n fi ń tu ara. Bí iṣẹ́ bá le nínú oòrùn, òógùn tó ń jáde lára ẹṣin lè tó lítà 10 sí 15 ní wákàtí kan. Òógùn tiwa kò níyọ̀ tó ẹ̀jẹ̀ wa. Nítorí náà bí a bá ṣe ń làágùn ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ń ga sí i, tí ọpọlọ fi ń ké pé omi dà. Ti ẹṣin kò rí bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ inú òógùn rẹ̀ tó ti ẹ̀jẹ̀ tàbí kó jù ú lọ. Omi àti iyọ̀ jọ ń bá òógùn lọ ni, ọpọlọ kò sì rí ìyàtọ̀ tí yóò fi mọ̀ pé nǹkan ń dínkù. Ẹṣin tí omi ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lè wo garawa omi, kó sì yí orí kúrò níbẹ̀. Ẹlẹ́ṣin á ní, “Ṣé ẹ rí i, òùngbẹ kò gbẹ ẹ́.” Ara ẹṣin kò tíì sọ fún ẹṣin fúnra rẹ̀! Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú fi máa ń fi iyọ̀ sóúnjẹ rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tí yóò sì máa gbé omi síwájú rẹ̀ ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú, yálà ó béèrè tàbí kò béèrè.

Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni ẹṣin tí kò làágùn mọ́ rárá. Ẹṣin tí wọ́n kó kúrò níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, tí wọ́n wá ń fi ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rinrin etí òkun, lè dé ibi tí òógùn rẹ̀ á dáwọ́ dúró. Anhidrosis ni àwọn dókítà ẹranko ń pè é. Irun rẹ̀ á gbẹ, á máa dán nínú oòrùn ọ̀sán, ará òde á sì máa yìn ín pé akin ni, kò tiẹ̀ làágùn. Inú rẹ̀ ń hó bí ìkòkò tí wọ́n dé pa sórí iná. Bí ẹ bá rí ẹṣin tó ti fa kẹ̀kẹ́ fún ààbọ̀ wákàtí lọ́sàn-án tí abẹ́ gọ̀gọ̀ rẹ̀ gbẹ táútáú, tó ń mí gúlegúle, ẹ̀rù ló yẹ kó bà yín.

Ìṣirò kan wà tí ẹlẹ́ṣin gidi ń lò. Ẹ mú ìwọ̀n ooru ní Fahrenheit, kẹ́ ẹ rò ó pọ̀ mọ́ ìdá ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àròpọ̀ rẹ̀ kò bá tó 130, ẹṣin lè tu ara rẹ̀. Bó bá ti kọjá 150, òógùn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́, torí afẹ́fẹ́ ti mu omi yó. Bó bá dé 180, kí ẹnikẹ́ni má di ẹṣin mọ́ ohunkóhun. Ọ̀sán Èkó tí kò tiẹ̀ le: 31°C, ìyẹn 88 ní Fahrenheit, pẹ̀lú ọ̀rinrin 75. Ó di 163. Ojú ibi tí ẹ ti ń wo ojú ọjọ́ lórí fóònù yín ni nọ́ńbà méjèèjì wà. Ní New York, òfin tí wọ́n ṣe ní 2019 ní kí iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin dáwọ́ dúró bí ooru bá ti dé 90°F, tàbí bó bá dé 80°F tí àròpọ̀ yẹn sì tó 150. Bí a bá gbé òfin yẹn wá sí Èkó, ọ̀sán tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin á lè jáde kò ní í pọ̀ láàárín ọdún. Ọ̀sán yẹn gan-an sì ni ṣọ́ọ̀ṣì ń tú.

Pẹ̀lú òfin náà, ẹṣin kan tí wọ́n ń pè ní Ryder ṣubú sójú títì ní Manhattan ní oṣù kẹjọ 2022. Inú okùn kẹ̀kẹ́ ló ti ṣubú. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ní láti fi oògùn gba ẹ̀mí rẹ̀. Níbo ni kíkọ̀ tí alága ń sọ wà?

Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ wo ìdíje ìrìn jíjìn tí FEI, àjọ eré ìdárayá ẹṣin lágbàáyé, ń ṣàkóso. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, dókítà ẹranko á ka lílù ọkàn ẹṣin. Bí kò bá sọ̀ kalẹ̀ dé 64 ní ìṣẹ́jú kan láàárín àkókò tí wọ́n fún un, ìdíje ti parí fún un. Wọ́n lè dá ẹṣin dúró níbẹ̀ nígbà tó ṣì fẹ́ máa sáré lọ. Àwọn tó mọ ẹṣin jù láyé kò fi ọ̀rọ̀ sí ẹṣin lọ́wọ́. Wọ́n ń kà á ni.

Àwọn kan á ní Ọ̀yọ́ fi ẹṣin jagun, ẹṣin ń yan ní Ojúde Ọba. Ọ̀yọ́ tó fi ẹṣin jagun ń ra ẹṣin lọ́dọ̀ àwọn Núpé àti Haúsá léraléra, torí àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́ bí wọ́n bá ti ń súnmọ́ igbó. Inú ọ̀dàn ni ọwọ́ àwọn ẹlẹ́ṣin yẹn ti ń ròkè. Ti Ojúde Ọba, kò sí kẹ̀kẹ́ nídìí ẹṣin yẹn. Ẹ jẹ́ ká kọjá lọ.

Ti ẹrù, àwọn tó ń bínú sí kẹ̀kẹ́ ẹṣin pàápàá máa ń ṣì í. Wọ́n á ní kẹ̀kẹ́ ti wúwo jù. Lórí títì tó tẹ́jú, táyà ló gbé ẹrù. Ká ní kẹ̀kẹ́ jẹ́ 400 kílò, kí èèyàn mẹ́rin jẹ́ 300, ó di 700. Lórí ọ̀dà tó dán, agbára tí ẹṣin máa fi fà á kò ju bíi 14 kílò lọ, ẹṣin 300 kílò sì lè máa fa 30 fún wákàtí mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó gun òkè tó ń ga ní mítà 1 nínú mítà 10, irú èyí tó pọ̀ ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta: 70 kílò bọ́ sórí 14 yẹn, ó di 84. Ẹ gbé e wọ iyanrìn etí òkun nítorí fọ́tò, ó lè kọjá 100. Ibi tí wọ́n ti ń ná an lẹ́gba nìyẹn. Bó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, kẹ̀kẹ́ á fẹ́ gùn ún lẹ́yìn. Ọ̀já tó gba ìdí ẹṣin kọjá ló ń dá kẹ̀kẹ́ padà, pẹ̀lú bíréèkì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kẹ̀kẹ́ tí ẹ háyà ní méjèèjì. Ọ̀já àyà náà ní ibi tó yẹ kó wà: òkè oríkèé èjìká, ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun. Bó bá gòkè jù, á fún un lọ́fun. Bó bá wálẹ̀ jù, èjìká ni á máa bó.

Ìgúngùn tí ọkọ ìyàwó ń gùn ún tún le ju kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹṣin tó ń ru èèyàn kò gbọ́dọ̀ ru ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ara rẹ̀, pẹ̀lú gàárì. Ẹṣin 300 kílò, 60 kílò. Kí ọkọ ìyàwó gun ìwọ̀n kó tó gun ẹṣin.

Ariwo wá ńkọ́? Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin 2024, àwọn ẹṣin Household Cavalry, ìyẹn ẹgbẹ́ ológun ẹlẹ́ṣin tó ń ṣọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ń rìn ní àárín London láàárọ̀. Ohun ìkọ́lé já bọ́ láti òkè nítòsí wọn. Ẹṣin mélòó kan já lọ́wọ́ sójà, wọ́n sáré gba àárín mọ́tò, wọ́n kọlu takisí àti bọ́ọ̀sì, sójà farapa, wọ́n sì ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún méjì nínú àwọn ẹṣin náà. Ẹṣin tí wọ́n kọ́ láti máa bá fèrè àti ìlù ológun rìn nìyẹn. Ẹ̀yin sì fẹ́ yin bánga sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n háyà láàárọ̀ òní, kí onígángan tún wá máa lù ú sí i létí.

Mo gbà pé àwọn ẹṣin kan wà tí iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ bá lára mu, tí wọ́n sì máa ń jáde pẹ̀lú ìdùnnú. Ojú lásán kọ́ ni a ó fi mọ̀ wọ́n.

Bí ẹ bá ti sanwó tí ẹ kò lè gbà á padà mọ́, ó kù sí ọwọ́ yín. Ẹ gbé ìrìn náà sí kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, kó má ju kìlómítà méjì lọ, kó wà lójú ibi tó tẹ́jú. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ irin pátákò gbẹ̀yìn. Bó bá ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ, ẹ wá ẹṣin mìíràn. Ẹ pèsè omi kẹ́ẹ̀gì 20 lítà mẹ́ta, ọ̀kan fún mímu, méjì fún ara rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ máa da omi tútù lé e lórí gbogbo ara láìdáwọ́ dúró; àwọn tó ń sọ pé omi tútù ń rọ ẹṣin lápá àti lẹ́sẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Tí ó bá ti sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lábẹ́ ibòji, ẹ fi ìka méjì sábẹ́ egungun àgbọ̀n rẹ̀, níbi tí iṣan ńlá gbà kọjá, kẹ́ ẹ ka lílù ọkàn fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹṣin tó sinmi dáadáa wà láàárín 28 sí 44. Bó bá ṣì ju 64 lọ, ẹ tú u kúrò nínú okùn, kí ìyàwó wọ mọ́tò.