Ṣé lóòótọ́ ni lápútọ́ọ̀pù ti lé dẹ́sítọ́ọ̀pù kúrò nílé?

Ọ̀rọ̀ kan ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwọn èèyàn: ayé dẹ́sítọ́ọ̀pù ti lọ, lápútọ́ọ̀pù ti gbapò rẹ̀, ẹni tó bá ṣì ń ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì sílé ń fowó ra ohun àtijọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti ná ọ̀pọ̀ èèyàn lówó. Wọ́n á ra lápútọ́ọ̀pù, wọ́n á gbé e ka orí tábìlì kan náà fún ọdún mẹ́rin, wọn ò ní gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí nǹkan kan ṣoṣo bá sì bàjẹ́ lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á gbé jù nù.

Iye títà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, iye lápútọ́ọ̀pù tí àwọn ilé iṣẹ́ kó jáde kárí ayé kọjá ti dẹ́sítọ́ọ̀pù fún ìgbà àkọ́kọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń kà. Lápútọ́ọ̀pù jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan: bàbá ní tirẹ̀, ìyá ní tirẹ̀, ọmọ tó ń lọ iléèwé ní tirẹ̀. Dẹ́sítọ́ọ̀pù kan ṣoṣo sì wà tí gbogbo wọn jọ ń lò. Nínú ìṣirò, mẹ́ta sí ẹyọ kan nìyẹn, inú ilé kan náà sì ni. Ẹni tó ra mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́), RAM (mẹ́mórì tí kọ̀ǹpútà ń lò bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) àti àpótí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó wá tò wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀ kò sí lára iye kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ kankan kó jáde. Ẹni tó fi SSD tuntun, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí, sínú dẹ́sítọ́ọ̀pù ọlọ́dún mẹ́fà tó sì ń bá iṣẹ́ lọ kò sí níbẹ̀ náà. Ìwé ìtajà kì í ka ohun tí wọ́n tún ṣe.

Bí a bá sì fẹ́ dárúkọ ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ dẹ́sítọ́ọ̀pù ilé gan-an, fóònù ni. Fóònù ló kó ìmeèlì, ìròyìn, fídíò wíwò àti owó fífi ránṣẹ́ lọ. Èyí tó kù fún kọ̀ǹpútà ilé ni iṣẹ́ tó wúwo: àtúnṣe fídíò, géèmù, orin gbígbà sílẹ̀, yíya àwòrán ilé, ìwé gígùn tí èèyàn máa jókòó tì fún wákàtí mẹ́fà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ara lápútọ́ọ̀pù kì í fẹ́ gbà, ooru ló sì fà á.

Iná tí kọ̀ǹpútà bá jẹ, ooru ló ń dà, ooru náà sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Nínú dẹ́sítọ́ọ̀pù, irin tó ń fa ooru kúrò lára prosẹ́sọ̀ (ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà) lè tóbi ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ, fáànù tó fẹ̀ tó 120 mílímítà á máa fẹ́ sí i, àyè sì wà yí i ká. Nínú lápútọ́ọ̀pù, ọ̀pá bàbà pẹlẹbẹ kan tàbí méjì àti fáànù tó kéré ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn, nínú ara tí kò nípọn tó ìka méjì.

Ìdí nìyí tí orúkọ fi ń tan èèyàn jẹ. Prosẹ́sọ̀ tí wọ́n kọ Core i7 sí lára nínú lápútọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún 15 wáàtì. Ti lápútọ́ọ̀pù ńlá lè jẹ́ 45. Ti dẹ́sítọ́ọ̀pù, 65 tàbí 125. Ti káàdì àwòrán, ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán sójú mọ́nítọ̀, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. GeForce RTX 4090 ti dẹ́sítọ́ọ̀pù lè gba iná tó 450 wáàtì, mẹ́mórì rẹ̀ sì jẹ́ 24 GB. Èyí tí wọ́n ń pè ní RTX 4090 nínú lápútọ́ọ̀pù kì í gbà ju nǹkan bí 175 wáàtì lọ, mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ 16 GB, ṣíìpù inú rẹ̀ pàápàá kéré sí ti àkọ́kọ́. Orúkọ nìkan ló so wọ́n pọ̀.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Nínú Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, ẹ lọ sí Performance, kí ẹ tẹ CPU. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tó máa gba ogún ìṣẹ́jú, bíi yíyí fídíò gígùn sí oríṣi mìíràn. Ẹ kọ iye GHz (ìwọ̀n eré prosẹ́sọ̀) tó wà níbi Speed sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kí ẹ tún wò ó ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún. Lára ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iye náà á ti wálẹ̀, fáànù á sì ti máa hó yee. Ṣíìpù tó bá ti sún mọ́ 100°C máa ń dín eré ara rẹ̀ kù kó má baà jóná. Tó bá jẹ́ ojúewé lẹ fẹ́ ṣí tàbí lẹ́tà lẹ fẹ́ kọ, iṣẹ́ ti parí kí ooru tó dé, ojú ò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ìyẹn ló mú kí àwọn èèyàn rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì: ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fi dán wọn wò.

Ẹ tún jẹ́ ká wo bátìrì, torí àwọn tó fi lápútọ́ọ̀pù ṣe dẹ́sítọ́ọ̀pù ni èyí kàn jù. Bátìrì lithium kò fẹ́ kí wọ́n máa fi òun sí 100% nígbà gbogbo, kò sì fẹ́ ooru. Lápútọ́ọ̀pù tó wà lórí ṣájà tọ̀sán-tòru ń jẹ ìyà méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bátìrì lè wú. Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ibi tí ìka ti ń darí nǹkan lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù á le, kò ní ṣeé tẹ̀ dáadáa mọ́, tàbí kí kọ̀ǹpútà máa mì nígbà tí ẹ bá gbé e sórí ibi tó tẹ́jú. Ẹ yọ ṣájà, ẹ pa á, ẹ má tẹ ibi tó wú, ẹ má sì gún un, torí ó lè gbiná. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ. Kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀, ẹ wo inú ètò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ibi tí ẹ ti lè sọ pé kí bátìrì má gbà ju 80% lọ. Ẹni tí kì í gbé lápútọ́ọ̀pù rẹ̀ kúrò lórí tábìlì kò ní ìdí tí kò fi yẹ kó ṣe é lónìí.

Ká tún fojú inú wo ife tíì kan tó dà sórí kíbọ́ọ̀dù. Bó bá jẹ́ dẹ́sítọ́ọ̀pù, ẹ ó yọ okùn kíbọ́ọ̀dù, ẹ ó fi òmíràn sí i, iṣẹ́ tẹ̀ síwájú. Bó bá jẹ́ lápútọ́ọ̀pù, mọ́dábọ́ọ̀dù wà lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù yẹn gan-an, bátìrì sì ṣì ń gbé iná fún un bí ẹ tilẹ̀ ti yọ ṣájà. Ẹ yára yọ ṣájà, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú, ẹ ṣí i kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ bí àgọ́ kí omi lè kán jáde. Ẹ má tàn án wò láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa á. Ìrẹsì tí wọ́n ń sọ pé kí ẹ rì í sí kì í fa omi tó wà lábẹ́ ṣíìpù. Ọ̀nà àbáyọ tó wà níbẹ̀ ni kí ẹnì kan tú u, kó yọ bátìrì, kó fi ọtí isopropyl nu mọ́dábọ́ọ̀dù, torí ṣúgà àti mílíìkì inú tíì ò ní bá omi gbẹ lọ. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì máa jẹ bàbà inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì lè kú lóṣù kejì.

Àtúnṣe ni ìyàtọ̀ ti tóbi jù. Nínú ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù tuntun tó fẹ́lẹ́, wọ́n ti jó RAM mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù, kò ṣeé yọ. 8 GB tí ẹ rà ni 8 GB tí ẹ máa bá kú. Nínú dẹ́sítọ́ọ̀pù gidi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fífi RAM kún un ń gbà. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó kù sínú rẹ̀ lè tán. Ẹ tú nọ́ọ̀tù méjì tó wà lẹ́yìn, ẹ fa ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ sẹ́yìn. Ẹ fọwọ́ kan irin àpótí kí iná ara yín má baà ba ṣíìpù jẹ́. Ẹ tẹ ìdè etí ihò RAM sísàlẹ̀, ẹ wo gígé kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ RAM kó bá ti inú ihò mu, kí ẹ wá fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ wọlé títí ẹ ó fi gbọ́ kọ́. Bí ihò bá jẹ́ mẹ́rin tí RAM sì jẹ́ méjì, ihò kejì àti ìkẹrin láti ọwọ́ prosẹ́sọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé mọ́dábọ́ọ̀dù. Bí ó bá ń dún píì-píì tí nǹkan kan ò sì hàn lójú mọ́nítọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé RAM kò tíì wọlé dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù láti tẹ̀ ẹ́ torí ó le. Ó máa ń le.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó jókòó sórí tábìlì ni dẹ́sítọ́ọ̀pù tí à ń sọ. Èyí tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀, lápútọ́ọ̀pù tí kò ní bátìrì ni: bí ojú rẹ̀ bá fọ́, gbogbo rẹ̀ ló kan. Àwọn àpótí pẹlẹbẹ tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì máa ń lágbára, wọ́n sì máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wo orí wáyà tó ti inú ẹ̀rọ agbáná (èyí tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà) wọ mọ́dábọ́ọ̀dù. Bí kò bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ 24, ó sábà máa ń jẹ́ oríṣi tí ilé iṣẹ́ yẹn nìkan ń ṣe, tó bá sì jóná, èyí tó wà lọ́jà gbogbo lè má wọ̀ ọ́. Káàdì àwòrán tó kúrú, tí iná rẹ̀ kò ju 75 wáàtì tí ihò rẹ̀ ń fúnni lọ, ni wọ́n sábà máa ń gbà.

Lápútọ́ọ̀pù ní ibi tó ti borí, kò sì yẹ ká fi pamọ́. Ẹni tó ń gbé kọ̀ǹpútà kiri ò nílò ká máa bá a jiyàn. Bí iná bá lọ, dẹ́sítọ́ọ̀pù kú lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ ò tíì fi pamọ́ sì bá a lọ. UPS kékeré kan (àpótí bátìrì tó ń gbé iná fún kọ̀ǹpútà bí iná bá lọ) tó jẹ́ 650 VA lè fún yín ní ìṣẹ́jú mélòó kan láti fi iṣẹ́ pamọ́ kí ẹ sì pa á, kì í ṣe láti máa ṣiṣẹ́ lọ. Lápútọ́ọ̀pù tún ń jẹ iná díẹ̀ gan-an. Níbi tí iná kì í ti í dúró, ìyẹn nìkan tó láti fi yàn án.

Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń fi lápútọ́ọ̀pù wọn sórí ìdúró, wọ́n á fi mọ́nítọ̀, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì kún un, torí pé ọrùn ń dùn wọ́n. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀: orí mọ́nítọ̀ yẹ kó bá ojú dọ́gba, kó sì jìnnà tó apá kan, lápútọ́ọ̀pù nìkan kò sì lè ṣe é láìgbé kíbọ́ọ̀dù sókè mọ́ ojú. Ẹ kàn mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ihò USB-C ló ń gbé àwòrán jáde. Ẹ wá àmì DisplayPort tàbí mànàmáná Thunderbolt lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ ka ìwé rẹ̀, kí ẹ tó ra okùn.

Bí ẹ bá sì ní dẹ́sítọ́ọ̀pù tí wọ́n ti gbé sí igun ilé pé ó ti kú, ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta wò kí ẹ tó gbé e jù nù. Bí ọjọ́ àti aago inú rẹ̀ bá ń padà sí ọdún àtijọ́ láràárọ̀, bátìrì kékeré róbótó bí owó irin, tó ń jẹ́ CR2032, lórí mọ́dábọ́ọ̀dù ló sábà máa ń jẹ́ pé ó tán. Ẹ fi èékánná yọ ọ́, ẹ fi tuntun sí i, kí ojú tí wọ́n kọ nǹkan sí wà lókè. Bí fáànù bá ń yí tí mọ́nítọ̀ sì dúdú, ẹ yọ RAM, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ẹsẹ̀ wúrà rẹ̀, ẹ dá a padà. Bí kò bá dáhùn rárá, ẹ yá ẹ̀rọ agbáná ẹlẹ́sẹ̀ 24 tí ó dára lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ẹ fi dán an wò. Ẹ má ṣí ẹ̀rọ agbáná tó bàjẹ́ yẹn fúnra yín o: àwọn àgbá kékeré inú rẹ̀ lè di iná tó lè ṣe èèyàn léṣe mú, kódà lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà.