Sísè kò lè mú òjé kúrò nínú omi

"Ẹ sáà ti sè é, ohun yòówù tó bá wà nínú ẹ̀ á kú." Mi ò mọye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n ń sọ ọ́ nípa omi kànga, wọ́n ń sọ ọ́ nípa Odò Ọ̀ṣun náà, tí omi rẹ̀ ti di àwọ̀ amọ̀ nítorí àwọn tó ń wa wúrà lágbègbè Iléṣà. Irọ́ ni o, irọ́ tó sì léwu ni.

Kòkòrò àrùn ni iná ń pa. Òjé (lead) àti mákúrì (mercury), àwọn mẹ́táàlì olóró tó máa ń bá iṣẹ́ wúrà rìn, kò ní ẹ̀mí, kí ló wá fẹ́ kú lára wọn? Ẹ bu iyọ̀ sínú ìkòkò omi kan, kẹ́ ẹ sè é títí omi á fi fà sí ìdajì, kẹ́ ẹ wá tọ́ ọ wò. Ṣé iyọ̀ ti lọ ni, àbí ó ti pọ̀ sí i lẹ́nu? Bí òjé náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Èyí tó sì ti yòrò sínú omi, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, omi náà lè mọ́ lóló.

Kì í ṣe omi nìkan ni òjé ń gbà wọ ara. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010, òkúta tó ní wúrà ní òjé nínú pẹ̀lú. Ẹ̀rọ irú èyí tí wọ́n fi ń lọ ọkà ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́, nínú agbo ilé mìíràn pàápàá. Eruku bà sílẹ̀ níbi tí ọmọ ti ń rá, ọmọ fọwọ́ gbálẹ̀, ó fi ọwọ́ kan náà sẹ́nu. Àwọn èèyàn rò pé ibà ni. Gìrì mú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kí wọ́n tó kú. Ó lé ní 400 ọmọ tó bá a lọ. Nínú àwọn ọmọ 205 tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní abúlé Dareta àti Yargalma, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé ìwọ̀n tó gba oògùn.

Kí wọ́n tó fún ọmọ ní oògùn ọ̀hún gan-an, wọ́n ní láti kọ́kọ́ hú erùpẹ̀ agbo ilé kúrò, torí ọmọ tó bá padà sórí ilẹ̀ yẹn á tún jẹ òjé.

Bẹ́ ẹ bá ń gbé nítòsí ibi ìwakùsà, ẹ gbé omi yín lọ fún àyẹ̀wò, kẹ́ ẹ dárúkọ òjé àti mákúrì fún wọn, torí àyẹ̀wò kòkòrò kò lè fi wọ́n hàn. Ẹni tó bá sì ti ibi iṣẹ́ wúrà dé, ẹ jọ̀ọ́, kó bọ́ aṣọ, kó wẹ̀, kó tó gbé ọmọ.