Ilé arúgbó tí oníkálùkù ti ń jẹ oúnjẹ tó mọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ilé arúgbó láàárín wa, bí èpè ló máa ń dún létí. "Ọmọ wo ló máa gbé ìyá rẹ̀ lọ jù síbẹ̀?" Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ló ní ọmọ nílùú Ọba tó jẹ́ pé arúgbó òyìnbó ló ń wẹ̀ kó tó rí owó fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ilé kan wà ní Weesp, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Amsterdam ní ilẹ̀ Netherlands, tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò.

Hogewey ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà tó ti ń ṣarán ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, bí ọsibítù ló sì rí nígbà kan: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, ilẹ̀kùn títì, aṣọ funfun lọ́rùn òṣìṣẹ́. Yvonne van Amerongen ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ pè é pé bàbá rẹ̀ ti kú lójijì. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé ọpẹ́ ni pé bàbá òun kò dé irú ilé yìí rárá. Ẹni tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà ló rò bẹ́ẹ̀ o! Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá jókòó, wọ́n bi ara wọn pé irú ibo làwọn máa fẹ́ fún òbí tàwọn.

Wọn ò tíì kọ́lé. Ibi tí mo ti gba tiwọn nìyẹn. Láti ọdún 1993, inú ilé àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n ti ń kó àwọn tí ìgbé ayé wọn jọra sójú kan, tí wọ́n ń dáná níbẹ̀. Ó di ìparí ọdún 2009 kí àdúgbò tuntun, Hogeweyk, tó ṣí: ilé 23, èèyàn bíi 152, mẹ́fà tàbí méje nínú ilé kan. Ó ní òpópónà, tíátà, ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù. Ó ná wọn ju mílíọ̀nù 19 owó Yúróò lọ, ìjọba ló sì san èyí tó pọ̀ jù.

Oríṣi ìgbé ayé méje ni wọ́n fi pín àwọn ilé náà (ó ti di mẹ́rin báyìí). Nígbà tó jẹ́ méje, ilé oníṣẹ́ ọwọ́ wà, ti onígbàgbọ́ wà, ti ọlọ́lá wà. Ọ̀kan tilẹ̀ wà fún àwọn tí ayé wọn so mọ́ Indonesia, nígbà tí ilẹ̀ yẹn wà lábẹ́ àwọn Dutch. Oúnjẹ ibẹ̀ ni wọ́n ń sè fún wọn.

Ẹ wá wo ìyá Yorùbá kan tó ti pẹ́ ní Peckham, ní London. Tí ìgbàgbé bá dé, èdè òyìnbó tó kọ́ lágbà lè tètè sá lọ, kó ku èyí tó fi mu ọmú. Wọ́n gbé ànàmọ́ gígún síwájú rẹ̀, ó tì í sẹ́yìn. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé màmá kò fẹ́ jẹun. Irọ́ ni! Àmàlà ni màmá fẹ́.

Àwọn tó ń ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Èkó àti Abuja báyìí, ẹ̀rọ amúlétutù àti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń fi yangàn. Ó dáa, mi ò ní kí wọ́n má rà á. Àmọ́ tí mo bá débẹ̀, ilé ìdáná ni mo máa kọ́kọ́ béèrè, kí n tó béèrè iye owó. Owó yẹn náà kì í ṣe kékeré. Láti ọdún 1968 ni àwọn Dutch ti ní ìbánigbófò fún ìtọ́jú ọlọ́jọ́ gígùn, tí gbogbo ìlú ń dá sí. Tiwa, òfin tó dá àjọ àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ lọ́dún 2017 wà, ṣùgbọ́n àpò ọmọ lowó ṣì ti ń jáde.

Àwọn kan ní eré orí ìtàgé ni Hogeweyk, pé wọ́n ń tan àwọn arúgbó jẹ ni. Mi ò gbà. Oúnjẹ gidi ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, òun ni wọ́n sì ń sè. Ti ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó wọ àdúgbò náà, tí wọ́n ń ṣọ́ kí àwọn arúgbó má bàa sọnù, ńkọ́? Ẹni tó bá ti gbọ́ ìkéde bàbá arúgbó tó jáde nílé tí kò mọ̀nà padà, lórí rédíò wa níbí, kò ní torí ìyẹn bá wọn jà.