Èsì ṣọ́ọ̀bù wa sí Alhaji tó ni Howo 371 tí ọ́ìlì wọ rédíétọ̀ rẹ̀

Alhaji, a ti rí ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ, a sì dúpẹ́. A rí ìràwọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ fún wa náà. Ṣùgbọ́n àwọn míì máa ka ọ̀rọ̀ yín kí wọ́n tó gbé mọ́tò wọn wá sọ́dọ̀ wa, nítorí náà dídákẹ́ kò yẹ wá.

Ẹ ní a gba owó iṣẹ́ odindi ẹ́ńjìnnì, a fi ọjọ́ falẹ̀, a fi sítátà jẹ bátìrì yín tán, àti pé kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí típà yín jáde ní ṣọ́ọ̀bù tí ọ́ìlì fi kún rédíétọ̀. Ẹ ní mẹkáníìkì tó yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà sọ pé a kò fi rọ́bà sílíìfù, ìyẹn irin róbótó tí pístọ̀nù ń rìn nínú rẹ̀, síbẹ̀ dáadáa. Ẹ tún mẹ́nu ba fóònù tí a kò gbé. Ẹ jẹ́ ká fi ti fóònù sílẹ̀ ná, ẹ́ńjìnnì là ń sọ.

Rọ́bà wo? WD615 ni ẹ́ńjìnnì Howo 371 yín, sílíìfù gbígbẹ ló sì ń lò. Omi kì í kan sílíìfù rẹ̀ rárá, inú irin búlọ́ọ̀kù lomi ń gbà kọjá. Ẹni tó bá ti tú Cummins NTC rí ló mọ rọ́bà sílíìfù, torí omi ló yí sílíìfù tìyẹn ká. Nínú tiyín, kò sí rọ́bà tí a lè gbàgbé. Ohun tí à ń wọ̀n lára sílíìfù Howo ni bó ṣe yọ sókè lórí búlọ́ọ̀kù, kó wà láàárín 0.05 sí 0.10 mm. Bó bá rì wọlẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù àti héèdì kò ní rí i dì mú, iná á máa sá kọjá. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la wọ̀n, a kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ rọ́bà fún yín fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ẹ̀tẹ̀ náà ni ọ́ìlì kúlà, ohun tó ń mú ọ́ìlì tutù. Inú ọ̀nà omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀kù ló wà, lábẹ́ ìdérí. Ọ́ìlì ń gba inú rẹ̀, omi ń gba ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá, ọmọṣẹ́ wa tó ń bójú tó apá ọ́ìlì dí ojú kan kúlà yín, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ojú kejì, ó rì í sínú dúrọ́ọ̀mù omi. Fóófòó ń yọ wínníwínní ní igun kan, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Dírẹ́bà yín wà níbẹ̀, òun náà tilẹ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀. A kọ ọ́ pé kí ẹ ra tuntun. Ẹ ní owó kò sí, ẹ ní kí dírẹ́bà gbé e lọ fún wẹ́dà. Nígbà tó gbé e dé, kò jò mọ́, àmọ́ a kọ ọ́ sínú ìwé pé jíjó kúlà kì í pẹ́ lọ títí, torí pé bí irin tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ bá gbóná tó sì tutù léraléra, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó náà ló máa ń là. Ẹ fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn wà lọ́dọ̀ wa.

Kí ni ọ́ìlì ṣe wá wọ omi, tí omi kò kọ́kọ́ wọ ọ́ìlì? Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, agbára ọ́ìlì ń lé ní 3 bar, ti omi kì í tó 1 bar ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lágbára ni ọ́ìlì máa sá lọ. Bí ẹ bá pa á, tí ọ́ìlì kò ní agbára mọ́, omi gbígbóná yẹn ló máa wá wọnú ọ́ìlì. Ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ láàárọ̀ kí ẹ tó kíkì í. Bí ọ́ìlì ara rẹ̀ bá dà bí ògì, ẹ má ṣe kíkì í rárá, torí bíárìn tó gbé kráńkì ró ló máa bàjẹ́ tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì héèdì ló jó ni, fóófòó ì bá máa hó nínú rédíétọ̀ gbàrà tí ẹ bá ti kíkì, ọ́ọ̀sì omi ì bá sì le gbagidi kí omi tó gbóná rárá. Ẹ̀yin fúnra yín kọ pé kò sí fóófòó.

Ó kan ọ̀rọ̀ ọjọ́. Lóòótọ́, Jímọ̀ ọjọ́ 17 la dá, ọjọ́ 21 lẹ gbé mọ́tò. Kráńkì yín, irin tí ọ̀pá pístọ̀nù ń yí, ti họ, a ní láti gbé e lọ fún àwọn tó ń fá kráńkì, kí a tó wá bíárìn 0.25 mm tó bá kráńkì tí wọ́n fá mu. Bí wọ́n bá fá kráńkì tán, ihò ọ́ìlì inú rẹ̀ máa kún fún eérú irin. Búrọ́ọ̀ṣì àti dísù la fi ń fọ̀ ọ́, ihò kan tẹ̀lé ihò kan, ká tó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹni tó bá fo ìyẹn, bíárìn tuntun rẹ̀ kò ní pẹ́ kó tó nọ́ọ̀kì. Dírẹ́bà tún gbé bóòtù ọ̀pá pístọ̀nù àtijọ́ wá pé ká lò ó. A kò gbà. 120 Nm la kọ́kọ́ ń dè é, lẹ́yìn náà ká yí i sí i ní 90 dígírì, yíyí yẹn ló ń na irin rẹ̀. Bóòtù tó ti nà lẹ́ẹ̀kan, bó bá já lójú ọ̀nà, ọ̀pá pístọ̀nù máa yọjú síta lára búlọ́ọ̀kù. Bóòtù tuntun la dúró dè.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló dùn wá jù. Ẹ ní a kàn ń kíkì láìjẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́. A kò tíì fẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni! Ẹ́ńjìnnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò pọ̀, ọ̀nà ọ́ìlì rẹ̀ ṣófo. A fi ọ́ìlì kún fìlítà, a dà á sẹ́nu táábò, a fi ọwọ́ yí i kó yí gbirigbiri. Lẹ́yìn náà la fa líbà ìpaná tó wà lára póǹpù dísù dání kí dísù má lọ, a wá ń kíkì, kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 15 lọ lẹ́ẹ̀kan, ká sinmi kí sítátà tutù, títí ọwọ́ gééjì ọ́ìlì fi dìde. Ìgbà yẹn la tó tú ojú fìlítà dísù, tí a ń fi ọwọ́ pọ́ǹpù títí fóófòó fi tán, tí a tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù kí afẹ́fẹ́ yọ. Ọmọṣẹ́ kan gbé pátákó dúró ti ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́. Dírẹ́bà yín fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀pá inú póǹpù bá há síbi tó ṣí, ẹ́ńjìnnì máa gba eré débi pé kọ́kọ́rọ́ kò ní lè pa á. Pátákó yẹn tí a fi máa dí afẹ́fẹ́ rẹ̀ nìkan ló máa gbà wá.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èéfín funfun díẹ̀ yọ, ó sì lọ bó ṣe gbóná. Àlàfo tápẹ́ẹ̀tì tó ń ṣí fáàfù ti wà ní 0.30 mm fún fáàfù afẹ́fẹ́, 0.40 mm fún ti èéfín, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. A kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ lójú kan fún wákàtí gbọọrọ, torí ríìǹgì pístọ̀nù tuntun kì í jókòó bẹ́ẹ̀, ògiri sílíìfù á kàn máa dán ni, á wá máa mu ọ́ìlì. Ohun tí a sọ fún yín ni pé kí ẹ gbé ìdajì ẹrù títí kìlómítà 1,000, kí ẹ wá pààrọ̀ ọ́ìlì, ká tún tápẹ́ẹ̀tì wọ̀n. Wébíìlì tí dírẹ́bà yín fi han ọmọṣẹ́ wa, òkúta kún típà bámúbámú láti ọjọ́ kejì. Ẹ kò sì padà wá.

Síbẹ̀, ohun tí a máa ṣe nìyí. Ẹ ra ọ́ìlì kúlà tuntun, kì í ṣe tòkunbọ̀. A máa bá yín fi í sí láìgba owó iṣẹ́, a máa fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ọ̀nà omi títí ọ̀rá á fi tán. Ọ́ọ̀sì tí ọ́ìlì ti mú wú, ẹ̀yin lẹ máa san tìyẹn, àti ọ́ìlì àti fìlítà. Ẹ fi tọ́ọ̀ wá o, ẹ má wà á wá.

Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú mẹkáníìkì ojú ọ̀nà yẹn dání. Ó wù wá kó fi rọ́bà yẹn hàn wá.